Òkúta Orí Kàráfáànù Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí òrùlé!

Ṣé ẹ mọ kàráfáànù tí mo ti ń ránṣọ l'Ọ̀kà Àkókó níbí, ilé onítáyà tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń fà kiri? Bàbá wa ló rà á nígbà tí iṣẹ́ títì parí. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní èmi ni mo ni ín. Òun ni ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi ti ń wá.

Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò! Omi ba léèsì oníbàárà kan jẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Rájí, wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó ti gbó. Wọ́n ní tó bá tún fi lè jò, àwọn máa pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ.

Kí wọ́n wọ́ kí ni lọ? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo ní lójú tèmi yìí, kò sẹ́ni tó máa wọ́ ọ!

Mo pe Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó gun àkàbà, kó máa rọra da omi sórí òrùlé láti iwájú lọ sẹ́yìn. Èmi dúró nínú ilé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ. Ibi tómi bá ti kán, mo fa ilà yí i ká. Lẹ́yìn náà ni mo gòkè lọ wo ibi tí àwọn àmì yẹn bọ́ sí.

Háà! Abẹ́ òkúta ni gbogbo wọn!

Ẹ̀yin ará Àkókó, ẹ mọ̀ pé nítorí afẹ́fẹ́ orí òkè, òkúta la fi ń tẹ páànù mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Rájí fúnra wọn ló to òkúta síbẹ̀, torí ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kan òrùlé kàráfáànù mọ́ ara ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè ṣí i; ó sì fẹ́lẹ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí ojú ibi tí páànù ẹ̀ ti pàdé. Òkúta ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, omi ń dúró síbẹ̀, gọ́ọ̀mù sì ti ya.

Mo kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ́ pákó kí ẹsẹ̀ mi má baà tún jin òrùlé. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni mo fi fọ ìdọ̀tí tó ń yọ̀ kúrò. Mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa, mo wá fi tuntun dí i. Ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ tí òjò ṣú, Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú àwọn onírin, kí wọ́n wá wò ó bóyá á tún jò. Bí Bọ̀ọ̀dá ṣe rí òkúta nílẹ̀, wọ́n figbe ta:

“Àmínátù! Ta ló kó òkúta kúrò? Afẹ́fẹ́ á ṣí i!”

Mo ní, “Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ òjò.”

Òjò rọ̀ bí ẹni ń bínú. Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ sí àjà, wọ́n fi wá gbogbo igun. Ọwọ́ wọn gbẹ. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní kí àwọn onírin máa lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó ní nǹkan ti gbó, ẹ gòkè lọ wò ó ná. Kí lẹ̀yin ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á dànù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń retí yín!