Ìràwọ̀ Tó Ń Bú Gbàù Léraléra

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo ń gbé. Owó ilé ní Yàbá, nítòsí yunifásítì mi, ò ṣe é sún mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ wọn fi ìbínú fọ́ àwo, ó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Inú ẹ̀ ti rọ̀ báyìí."

Inú bí mi. Mo fi iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe nípa ìràwọ̀ hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà: ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tó bú gbàù, tí a tú sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti rọlẹ̀, àmọ́ ẹ wo ìlà pupa yìí. Ó tún ti ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ kejì tí wọ́n jọ ń yí ara wọn po. Tó bá kún, á tún bú."

"Kí ló dé tí ìràwọ̀ kejì yẹn ò sá?"

"Kò ríbi sá sí ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bu oúnjẹ ọkọ wọn sílẹ̀ dè é, wọ́n fi ẹran tó tóbi jù sí i, wọ́n ní kí n gbé e sórí tábìlì.

Mo gbé e.