Omi Kànga Ìyá Tí Mo Gbé Lọ sí Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga méjì láti Àrán-Ọ̀rin dé Ìbàdàn. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rín in dáadáa. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tán.

Sàfúrà ọmọ mi ló fà á. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà yẹn, òun nìkan ni Ọlọ́hun sì tíì fún mi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, kò sí èyí tí a fò. Síbẹ̀, kò sí oṣù tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kì í wá kí i. Tó bá lọ sílé ìwé lọ́sẹ̀ yìí, á fi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sùn sílé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí àrùn kan pàtó, àfi pé agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà ni kò tó. Ó wá bi mí bí ó ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń sùn.

Mo ní ó ń jẹ, ó ń sùn. Ṣé irọ́ ni? Irọ́ kọ́. Télọ̀ ni mí. Bísíkíìtì ló ń jẹ lábẹ́ tábìlì máṣíìnì mi, ìgbà tí mo bá rán aṣọ kọ́sítọ́mà tán ló sì ń sùn, pẹ̀lú fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá dé, a lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Àrán-Ọ̀rin. Ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó fi èmi àti ọmọ sílẹ̀ fún odindi oṣù kan. Ará Abẹ́òkúta ni mí o. Tí Ìyá bá ń bá àwọn aládùúgbò sọ Ìgbómìnà wọn, ìdajì ló ń yé mi, àmọ́ tí wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n á yí i sí èyí tí mo gbọ́.

Bí Ìyá ṣe rí ojú mi báyìí, wọ́n ní iṣẹ́ ti tán mi lókun. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí mi. Ìyàwó ilé wo ló ń sùn kọjá asùbá nílé ìyá ọkọ rẹ̀? Èmi ni. Kí Ọlọ́hun forí jì mí, oòrùn ti máa ń yọ kí n tó kírun àárọ̀ lóṣù yẹn.

Oorun yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Màá wà láàárín oorun àti ìjí, mi ò ní mọ èwo ni mo wà. Màá máa gbọ́ bí igi ṣe ń ta pàrà nínú iná. Màá gbọ́ omi tó ń dà ṣọ̀ọ̀, á dákẹ́, á tún dà. Èéfín á rọra gba ojú fèrèsé wọlé, òun àti òórùn ewé ọsàn tí ìrì sẹ̀ sí. Ohùn Ìyá á máa sọ nǹkan jẹ́jẹ́, ohùn ọmọ mi á máa tẹ̀ lé e, ẹ̀rín á sì bọ́ sáàárín wọn. Mo rò pé àlá ni. Nígbà mìíràn, màá rí ara mi ní kékeré nínú àlá náà, tí ìyá tó bí mi ń bọ́jú fún mi lẹ́yìn ilé wa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìyá mi ti kú. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi fẹ́ jí?

Tí mo bá jí tán, ilé á ti dákẹ́. Sàfúrà á ti jẹun, á ti bá Ìyá lọ sí oko ẹ̀yìn ilé. Màá bu omi tútù mu nínú àmù, màá jókòó síta, màá máa wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán títí oòrùn á fi mú.

Oṣù parí, ọmọ mi ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú, nítorí ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí fóònù pé bí ara ọmọ ṣe le lọ́hùn-ún yìí, ṣé kò ní dáa ká fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá, kó máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní, kó jẹ́ ọdún Iléyá nìkan ni màá máa rí i?

Mo ronú títí, ojú mi wá bọ́ sí kànga. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù dé eyín. Kí ló tún wà níbí tí kò sí n'Íbàdàn? Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti rí àṣírí náà, pé omi ni, kó jẹ́ kí n mú ọmọ mi bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, Ìyá ti jáde lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òrò, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti dágbére. Mo fa omi, mo rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì méjì. Àwọn tó wálé ọdún ń di iṣu, wọ́n ń di epo, èmi ń di omi. Ní gáréèjì Ọ̀mù-Àrán, dírẹ́bà bi mí bóyá ọ̀dá omi ń dá wọn n'Íbàdàn ni.

Nígbà tí a délé, mo kó omi mi sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Sàfúrà nìkan ló ń mu ún, kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀, kọ́ọ̀bù kan lálẹ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ àlejò, omi inú ọ̀rá ni mo ń fún un. Bísíkíìtì ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Fóònù ńkọ́? Òun náà wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ padà dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. A gbé e lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì bi mí irú omi tó ń mu. Mo ṣàlàyé, ó ní kí n lọ yẹ inú kẹ́ẹ̀gì náà wò. Nígbà tí mo délé, mo ki ọwọ́ bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Inú rẹ̀ ń yọ̀, ó ti ń ní àwọ̀ ewé. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bu àìsàn fún ọmọ mi.

Ọkọ mi ò pariwo. Ó kàn sọ pé tí ara ọmọ bá ti yá, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo pe Ìyá, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

“Ìyá Sàfúrà,” ni wọ́n wá sọ, “ta ló sọ fún ọ pé a máa ń mu omi kànga yẹn bẹ́ẹ̀?”

Wọ́n ní gbogbo ìdájí làwọn ń sè é, àwọn á jẹ́ kó tutù, kí àwọn tó dà á sínú àmù tí àwọn fọ̀. Mo ní mi ò rí i rí. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe máa rí i, nígbà tí mo ń sùn?

“Má gbé ọmọ wá,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni kí o wá. Wàá bá mi jí.”

Nígbà tí ara ọmọ yá, ọkọ mi dúró tì í, èmi lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́yìn ilé, àlá mi sì wà níwájú mi ní ojúkorojú. Igi tó ń ta pàrà, omi mímu ló ń hó lórí iná. Omi tó ń dà ṣọ̀ọ̀, búútà àlùwàlá Ìyá ni. Wọ́n ní Sàfúrà ò jẹ́ kí àwọn dá ṣe é, gbogbo wákàtí ìrun ló ń bá àwọn fọwọ́, tó ń fọ ẹnu. Tó bá fẹ́ jẹun tàbí tó bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, ọṣẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà. Lẹ́yìn ìyẹn, ògì gbígbóná àti ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n já lẹ́yìn ilé, ọsàn tí wọ́n ká lórí igi. Wọ́n á rìn lọ sóko, wọ́n á rìn bọ̀. Tí wọ́n bá ti kírun ìṣáì, oorun dé.

Mo bi wọ́n pé ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, pé kò sí àgbo tí wọ́n ń fún un ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Kò sí òògùn kankan níbẹ̀. Ojoojúmọ́ tí à ń ṣe é ló le.”

Ó le lóòótọ́! Mo ti ń ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú báyìí. Kọ́sítọ́mà kan bínú lọ, kó máa lọ. Búútà tí Ìyá fún mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù mi kì í wọ yàrá ọmọ mọ́. Mo dá kẹ́ẹ̀gì méjèèjì lu nídìí, mo gbin ẹ̀fọ́ sínú wọn. Ọ̀fìnkìn ṣì mú Sàfúrà lẹ́ẹ̀kan ní táàmù yìí, mi ò ní purọ́, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ló fi dìde. Ọkọ mi ò sì sọ pé ká fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá mọ́, bí a ṣe máa jọ lọ lọ́dún yìí ló ń sọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò jọ ohunkóhun lójú, ni ara ọmọ ń sọ di agbára. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, ó sì ná mi ní omijé.

Láàárọ̀ àná, mo ń se omi, mo sì ń rọ omi sínú búútà. Sàfúrà jáde wá, ó ń nu ojú. Ó ní, “Mọ́mì, mo lálàá pé a wà lọ́dọ̀ Ìyá. Mò ń gbọ́ iná.”

Mo bu omi sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín ní ìdájí, nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń sùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á.