Èjìká Tí Kò Dun Ọládiípọ̀

Káfíńtà ni Ọládiípọ̀ ní Ọ̀rányàn. Láti kékeré ló ti ń gbé pákó lé èjìká, kò sì ráhùn rí. Alájọgbélé rẹ̀, Fàsásì télọ̀, ni èjìká ń dùn ní tiẹ̀, tí kò lè gbọ́wọ́ sókè dé fìlà. Lọ́dún 1994, Ọládiípọ̀ sìn ín lọ sí Mọ́lété, sọ́dọ̀ Ìyáàfin Bertha Olúsànyà, oníṣẹ́ físíò tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ síkáànì.

Fàsásì kọ́kọ́ fajú ro. "Ma, ṣé ẹ rí oyún lára mi ni?"

"Iṣan la fẹ́ wò, bàbá."

Obìnrin náà fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á léjìká, ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ náà kiri lórí rẹ̀, iṣan sì ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí èyí tó ya. Inú bí Fàsásì.

"Ẹ tún un wò dáadáa, ma. Ìrora tí mò ń jẹ yìí, nǹkan gbọ́dọ̀ ti ya!"

Kó lè fi ti ẹni tára ẹ̀ le hàn án, Ìyáàfin Olúsànyà ní kí Ọládiípọ̀ bọ́ ẹ̀wù, kó wá jókòó. Tiẹ̀ gan-an ló ya.

"Ṣé kò dùn yín rí?"

"Rárá, ma." Ó di èjìká náà mú. "Àmọ́ ó ti ń dùn mí báyìí."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ni iṣan wọn ya tí wọn ò mọ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Kílẹ̀ tó ṣú, Ọládiípọ̀ ti fi gèlè Lucy, ìyàwó rẹ̀, so apá kọ́rùn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Fàsásì ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ, ara rẹ̀ yá, òun ló wá ń bá Ọládiípọ̀ pọnmi ìwẹ̀.

Nígbà tó sú Lucy, ó fà á padà lọ sí Mọ́lété. Ìyáàfin Olúsànyà ò bá a jiyàn. Ó gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé èjìká ara rẹ̀.

"Ẹ wo tèmi. Ó ya ju tiyín lọ. Òun náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Ọládiípọ̀ wò ó títí, àánú ṣe é. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ma. Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀yin?"

Lọ́jọ́ kejì ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò gbà pé ara òun yá o. Ó ní irú aláìsàn bí obìnrin yẹn kò yẹ kó máa dúró ṣiṣẹ́. Ó kan àga kan fún un, ó gbé e lé èjìká tó ya, ó fẹsẹ̀ rìn dé Mọ́lété, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kí wọ́n má fara kan òun, ara òun ò yá.