Kúpà Ilé Iwájú, Kúpà Ilé Ẹ̀yìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé iṣẹ́ kágò tí mo ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Deira ní Dubai, ọmọ India tó ń pe orúkọ lanu, ó ní, "Cooper!" Èmi dìde. Òyìnbó arúgbó kan tó pọ́n bíi tòmátì náà dìde. A wo ara wa. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí orúkọ yẹn, mo ní ibi tí ìwọ náà ti rí tìrẹ ni, lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nílùú àwọn, àwọn tó ń kan àgbá onígi láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi pọ̀ bí ewé. Mo ní àgbá ni bàbá ńlá tèmi náà kàn. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó gba ẹrù rẹ̀, ó lọ, ṣùgbọ́n èmi ò lè jókòó mọ́.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ara mi ò ti balẹ̀. Bùkọ́lá, ọmọ àbúrò mi, ti sọ fún mi pé ọmọkùnrin tóun fẹ́ fẹ́, Kúpà lòun náà ń jẹ́. Àbúrò mi ti kú. Al Nahda ní Sharjah lèmi àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé, ẹnu mi ló sì ti máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Kúpà fẹ́ fẹ́ Kúpà! Tí ẹ̀jẹ̀ bá pa wọ́n pọ̀, èèmọ̀ ni. Tí kò bá sì pa wọ́n pọ̀, ta ni mí tí màá fi ba ayọ̀ ọmọ aláìníbàbá jẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Etí ọ̀sà l'Ékòó ni agboolé wa wà. Bàbá ńlá wa ń kan àgbá fún àwọn òyìnbó tó ń ra epo pupa. Yóò fi iná tẹ pákó, yóò fi irin dè é ní ìbàdí, yóò wá máa lù ú títí omi ò fi ní lè jò níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ò lè pe orúkọ rẹ̀, wọ́n bá ń fi iṣẹ́ pè é: Kúpà. Òun náà ò kọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ará Ìṣẹ́yìn, ará Ẹ̀pẹ́, ará Ìjẹ̀bú. Láyé ìgbà náà, ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, ọ̀gá ló ń fẹ́ ìyàwó fún ọ, orúkọ ọ̀gá lo sì ń jẹ́. Wọ́n ṣèrìbọmi, Kúpà. Wọ́n fi ọmọ sílé ìwé, Kúpà. Kódà àwọn mùsùlùmí inú wọn tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ṣọ́ọ̀ṣì rí, Ràṣídì Kúpà, Sàlámì Kúpà. Tí tíṣà bá pe Kúpà ní kíláàsì wa, odindi ìlà kan ló ń dáhùn. Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀, a ó pín pàṣán náà jẹ bí ẹran iléyá. Ibi tí ìwé mi mọ nìyẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé iwájú ni ti àwa ọmọ inú bàbá, ilé ẹ̀yìn ni ti ọmọ àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa là á lẹ́nu pé lágbájá kì í ṣe ẹbí. Ìkòkò nìkan ni kì í purọ́. Àwa ilé iwájú kì í jẹ ìgbín. Tí òjò bá ti rọ̀, tí ilé ẹ̀yìn bá kó ìgbín jọ tí wọ́n dáná, òórùn ata á gba àgbàlá kan, Sàfú ọ̀rẹ́ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, á máa fa ti ẹ̀ ya, á ní, "Wá jẹ, kò lè pa ẹ́." Itọ́ á kún ẹnu mi. Ìyá àgbà á ké láti ojú fèrèsé: "Eyín ti sú ẹ lẹ́nu, àbí?" Wọ́n ní ẹni bá jẹ ẹ́ nínú wa, gbogbo eyín rẹ̀ ló máa yọ. Sàfú ti lọ ilé ọkọ tipẹ́, orúkọ mìíràn ti bo Kúpà rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ta agboolé náà, kálukú sì gbé Kúpà tirẹ̀ rìn.

Bí mo ṣe kúrò ní kágò lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ni mo yà sí. Mo ra ìgbín dídì. Mo fi ìborùn di imú mi, mo sè é. Mo ní kí Bùkọ́lá pe ọmọkùnrin náà wá láti Al Khan.

Fọlájìmí wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó tì í sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bìgì Mọ́mì. Èmi kì í jẹ ìgbín."

"Khalas," ni mo wí. "Ó tán. Ọmọ ilé iwájú ni." Bùkọ́lá bú sẹ́kún. Ọmọkùnrin náà ń wo àwa méjèèjì bí ẹni tó wọ ilé onílé.

"Kí ló dé tí o kì í fi jẹ ẹ́?" ni mo bi í.

"Ó máa ń yọ̀ lẹ́nu mi ni, mà. Bíi kéèyàn máa jẹ rọ́bà."

Ẹ gbọ́ o! Láyé tiwa, ta ló fún ọmọ láyè kí oúnjẹ má wù ú? Bí kò bá ti í ṣe èèwọ̀ rẹ, o máa jẹ ẹ́.

"Kí wá ni èèwọ̀ yín?"

"Ẹ̀pà ni, mà. Tí mo bá jẹ ẹ́, ara mi á wú."

"Ti dókítà kọ́ ni mò ń bi ẹ́! Yalla, ó yá, pe ìyá bàbá rẹ."

Ìyá náà jáde lórí fóònù láti Ìkòròdú, gèlè wọ́, ojú mọ́lẹ̀ rekete. Mo kí i. Mo ní ọmọ Kúpà etí ọ̀sà ni mí.

"Iwájú àbí ẹ̀yìn?"

"Iwájú ni, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àwọn tó ń yínmú tí a bá ń se ìgbín."

Ó ní bàbá ọkọ òun gbé àáké wá láti Ìṣẹ́yìn kọ́ṣẹ́ ni, òkété ni èèwọ̀ tiwọn, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa wá pọ̀. Bùkọ́lá fò sókè. Ìyá náà ní kó jókòó.

"N ò tíì gbà o. Ilé iwájú ò fún ilé ẹ̀yìn lọ́mọ rí. Ọmọkùnrin wa kan yọjú nígbà kan, wọ́n ní ọmọ ìdí àgbá ò lè fẹ́ ọmọ àwọn. Títí ó fi kú, kò tún dé iwájú yẹn mọ́."

Èmi tí àwọn Pakistani tó ń ta aṣọ ní Deira ń sá fún ẹnu mi, mo yíjú sí Bùkọ́lá. Òun náà ń wò mí. Ojú àbúrò mi ló wà lójú rẹ̀ yẹn. Mo gbé fóònù ti páálí bàtà, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ dákun, mà. Ẹ bá wa gbàgbé ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fẹ́ ọmọ wa."

Ìyá náà wò mí, ó wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń pe àwọn ará ilé rẹ̀: "Ẹ sáré wá wòran! Ilé iwájú ló ń tọrọ ọkọ!" Ó wá ní, "Dìde, ọmọ mi. Àwa náà á wá dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ."

Kò sẹ́ni tó ń kan àgbá mọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni epo wà. Àwọn ọmọ ò mọ èèwọ̀, ohun tó ń wú wọn lára ni wọ́n mọ̀. Orúkọ ti rìn jìnnà ju iṣẹ́ tó bí i lọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó délé ọkọ, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́, orúnkún ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Tèmi ṣì ń ro mí títí di òní. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú, n ò tíì sùn dáadáa tó bí mo ṣe ń sùn báyìí.