Owó Iṣẹ́ Òpó Igbógìlà

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ pupa Igbógìlà, òórùn kan máa ń tú jáde tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn: erùpẹ̀ gbígbóná, ewé tíìkì tó ti gbẹ, àti gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé àwọn ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òórùn dáadáa ni. Àwọn èèyàn á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ. Èmi ní tèmi, ńṣe ni mo máa ń gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè. Ìwọ tó bá mi jókòó níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́sí béèrè ohun tó dé, mo sì purọ́ fún ọ pé eruku ni. Eruku wo ló wà nínú òjò? Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an fún ọ.

Nígbà yẹn, àwa tí à ń bá wọn fa wáyà kọ̀ǹpútà, tí à ń ri òpó íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ orí òrùlé láti Ìlaròó dé Ayétòrò, a kò pọ̀, síbẹ̀ à ń jẹ ara wa bí ẹja. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀gá. Kálukú ló ń dá ṣe tirẹ̀. Bí mo bá dárúkọ iye kan fún oníbàárà, yóò ní òun mọ ẹnì kan tó máa gba ìdajì rẹ̀. Irọ́ ni nígbà mìíràn, òótọ́ ni nígbà mìíràn. Oníṣòwò kan wà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tó ń ná ọjà dé Kùtọnu, bí o bá ṣe ń la ẹnu báyìí ló ti ń pariwo lédè Faransé, "Trọ̀ ṣẹ́ẹ̀!", pé ó ti wọ́n jù, kò tíì gbọ́ iye tí o fẹ́ pè. Àwa náà gbọ́n. A máa ń pe ìlọ́po méjì, kí oníbàárà lè gé e sí ìdajì, kí inú kálukú lè dùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ra iṣu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ra aṣọ. Ta ló ń san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè? Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n tún ń gé ìdajì náà sí méjì, èèyàn á sì gun òrùlé tán, kò ní rí owó ọ̀kadà gbé padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọkùnrin tó ga ni, kì í pariwo, ó sì máa ń há bíírò sí etí bíi káfíńtà. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wa, òun nìkan sì ni kò fìgbà kan bi mí bóyá mo lè gun òkè. Ó pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlaròó, ó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, ó ní ká jẹun ká tó jà. A jà lóòótọ́. Nígbà tí a máa fi dìde, a ti fẹnu kò lórí iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà kéré sí fún iṣẹ́ òpó, fún fífa wáyà, fún títo kọ̀ǹpútà sí yàrá. Ojúlówó iye ni, kò sí àlékún ìnájà kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bí a bá ń pe òótọ́, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń san òótọ́." Lẹ́yìn náà la fi ìyà kún un, torí òfin tí kò níyà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹni tó bá gbà kéré sí i, a kò ní yá a ní àkàbà, a kò ní yá a ní bẹ́líìtì tí a fi ń so ara wa mọ́ òpó bí adẹ́mu ṣe ń fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, kò sì sẹ́ni tó máa bá a di àkàbà mú nísàlẹ̀. Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: àkàbà gígùn àti bẹ́líìtì kò pọ̀ láàárín wa, ńṣe la máa ń yá ara wa. A mọ̀ pé ìyà náà á dun èèyàn dé egungun, ìdí nìyẹn tí a fi yàn án.

Wá wo bí ayé ṣe ń ṣe. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan kó kọ̀ǹpútà wá fún ilé ìwé ìjọ kan ní Igbógìlà, kí àwọn ọmọ lè máa fi múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Wọ́n ń wá ẹni tó máa ri òpó mọ́ òrùlé, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè wọlé láti Ayétòrò. Ọ̀gá ilé ìwé náà ni màmá tó kọ́ Ẹ̀gbọ́n ní á-bí-dí, tó sì bọ́ ọ nínú ilé rẹ̀ lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú. Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n pe ojúlówó iye fún un. Màmá rẹ́rìn-ín, ó gé e sí ìdajì. Kò ṣe nǹkan burúkú o. Ohun tí ìyá tó bí i kọ́ ọ ló ṣe, ó rò pé Ẹ̀gbọ́n ti fi àlékún ìnájà lé e bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ó sì ń retí kó pariwo pé, "Háà, Màmá, ẹ fi díẹ̀ kún un!" kí àwọn méjèèjì jọ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi pàdé. Ẹ̀gbọ́n kò lè pariwo. Ẹni tó di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o ń kọ́ ìwé kíkọ, ẹnu wo lo fẹ́ fi bá a ná owó? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó ti tó, mà." Màmá sì lọ sílé, inú rẹ̀ dùn pé òun mọ ọjà ná.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló pè wá, tó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú bí mi, n kò ní tàn ọ́. Mo ti fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ nítorí òfin yẹn, ìyàwó pásítọ̀ kan sì ti pè mí ní olójúkòkòrò lójú gbogbo ìjọ. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ti ìyá ẹni yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó." Ẹ̀gbọ́n mirí. Ó ní, "Bí òfin bá ṣẹ́ lórí èmi tí mo gbé e kalẹ̀, orí ta ló máa wá dúró lé? Ẹ má yá mi ní nǹkan kan. Ẹ má sì wá." Kò sí bí a kò ṣe bẹ̀ ẹ́ tó kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò gbà. Ó ti ṣèlérí fún Màmá, ó sì ti ṣèlérí fún àwa náà, àfi kó mú méjèèjì ṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ìbínú mi ti rọlẹ̀. Mo gbé àkàbà onírin mi àti bẹ́líìtì mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo lọ bá a nílé. Ó wo ẹrù náà, ó wò mí. Ó ní, "Àbúrò, o ṣeun. Gbé e padà. Bí o bá tẹ̀ lé mi, o ti ba ti gbogbo wa jẹ́." Mo gbé e padà. Kí lò bá ṣe? Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, bí àgbà bá ní padà, o máa padà ni. Ìgbọràn la máa ń pè é. Títí dòní, mo ṣì ń bi ara mi ohun tí mò bá tún lè pè é.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Igbógìlà lọ́jọ́ náà. Ọlidé ni, kò sí ọmọ kankan nílé ìwé, Màmá Tíṣà sì wà nílé ìdáná rẹ̀, ó ń fi ìrẹsì àti ẹja tọ́jú oúnjẹ de Ẹ̀gbọ́n, ọmọ rẹ̀. Àkàbà onígi tí wọ́n fi ń kun ilé ìwé ni Ẹ̀gbọ́n lò. Ó ri òpó náà, ó fa wáyà, ó wọlé lọ wò ó, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dé. Ó tún gòkè lọ di nǹkan kan le. Ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa, kò sì sẹ́ni tó dì í mú. Mò ń to wáyà ní ọ́fíìsì kan ní Ìlaròó nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ohùn Màmá ni. Ó ń sọ pé, "Ọmọ mi ò dá mi lóhùn. Mo ń pè é, kò dá mi lóhùn." Kí n tó dé Igbógìlà, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì ti kú lọ́nà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń rùn gbígbóná, gàrí ń ta sánsán láti ilé kejì, àwo ìrẹsì wà lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Mo jókòó ti àwo náà, mo sunkún bí ọmọdé.

Òfin náà dúró o. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbà kéré sí i mọ́ ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn oníbàárà ń ṣàlàyé fún ara wọn pé, "Ti àwọn yìí, iye tí wọ́n bá pè ni." Wọ́n rò pé ìṣọ̀kan ni. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá fẹ́ pe iye, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi tó ń fetí sílẹ̀ bóyá mo máa dín in kù, ohùn mi á sì rẹlẹ̀. Bí mo bá gba Igbógìlà kọjá, fóònù mi á dá mú orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, "Ilé Wa", yóò sì bi mí bóyá mo fẹ́ wọlé. N kò tíì dáhùn rí. A yí ìyà náà padà sí owó ìtanràn, a sì fi owó ẹni tó ń di àkàbà mú kún iye gbogbo iṣẹ́ òkè, ìbáà jẹ́ orí ilé adìyẹ. Ó yẹ ká ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. A ka wáyà, a ka páìpù, a ka epo, a gbàgbé ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àrá ba ẹ̀rọ tó wà lórí òpó náà jẹ́, Màmá Tíṣà sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti tẹ̀ díẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ òfin wa láti ìgbà ìsìnkú, ṣùgbọ́n òun náà ló ṣì ń bá wọn mójú tó ibẹ̀. Mo pe iye fún un. Ó ń tú owó lára ìdí aṣọ rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní, "Màmá, ẹ dín in kù. Èyí tẹ́ ẹ bá ní náà ti tó."

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọmọ mi ti relé. Èmi ṣì wà lọ́jà yẹn pẹ̀lú ìdajì owó rẹ̀ lọ́wọ́, n ò rí ẹni tí mo máa fún."

Mo gba gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé nítorí àwa tí à ń gòkè la ṣe fi iye tó tọ́ lélẹ̀, kí ebi má pa wá. Kò yé mi pé ẹni tó ń sanwó náà nílò rẹ̀, kó lè rí oorun sùn. Màmá ò tíì rí i sùn.