Tíṣà Átọ́ọ̀mù àti Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Tíṣà Átọ́ọ̀mù. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Èmi télọ̀ tí yàrá mi kọjú sí tòun àtìyàwó rẹ̀, ojú mi ti rí nǹkan!

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó rẹ̀ lọ sí kíláàsì láìtọrọ, ó fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra. Ló bá fà á, òwú já, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká abẹ́ tábìlì. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá ìyàwó fi sílẹ̀ kó tó kú o! Nígbà tó délé tó jẹ́wọ́, igbe ìyàwó ló mú mi sáré wọlé wọn tabẹ́rẹ́ tabẹ́rẹ́.

"Àánú mi ò tiẹ̀ ṣe ẹ́," ni ìyàwó ń sunkún. "Kò ṣe ẹ́ tó átọ́ọ̀mù kan!"

Ẹni tó yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Átọ́ọ̀mù kan ti kéré jù. Hóró iyọ̀ kan ṣoṣo, àìmọye bílíọ̀nù ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé kò ṣeé gé sí méjì mọ́, àmọ́ wọ́n ti gé e báyìí."

Díẹ̀ ló kù kí n gún un lábẹ́rẹ́. Ìyàwó fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, òun ò sì ní padà.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni mo jágbe mọ́ Tíṣà. "Béèyàn bá ní átọ́ọ̀mù kan, bíńtín ló ń wí! Ta ló ní kó o kà á? Ìyàwó ẹ ń lọ!"

Ó yọ áńkáṣífù lápò, ó tú u, ìlẹ̀kẹ̀ ló kún inú ẹ̀. "Mo fi orúnkún rìn ká gbogbo kíláàsì. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo rí, ó ku mẹ́ta."

Ìyàwó wo ìlẹ̀kẹ̀, ó wo ṣòkòtò tó dọ̀tí lórúnkún. "Ìwọ tó o mọ nǹkan án kà, báwo ni ìfẹ́ mi ṣe pọ̀ tó lọ́kàn ẹ?"

Mo yáa di etí mi, torí nọ́ńbà ló ń bọ̀ yẹn. Tíṣà kó áńkáṣífù náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò lè kà á."

Láyé mi, n ò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun ò mọ nǹkan. Ìyàwó fẹsẹ̀ ti báàgì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nawọ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá òwú tó yi."