Eérú Iwájú Orí Mi àti Ẹ̀rọ Dókítà

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ṣẹ̀ mí, ní ọ̀sán Ọjọ́rú Eléérú ọdún 2005, ní wọ́ọ̀dù tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ sí láìmọ ara rẹ̀.

Dókítà fẹ́ lẹ ẹ̀rọ kan mọ́ iwájú orí màmá, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè wọlé wò bóyá atẹ́gùn ń dé ọpọlọ tó. Ẹ̀rù bà wá, mo sì ní kí ó kọ́kọ́ dán an wò lára mi. Ó fẹ́ nu eérú tí fádà fi sí mi níwájú orí; mo kọ̀, nítorí a kì í nù ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kan.

“Àna mi,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “a ti ń fura tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín jáde. Lẹ́yìn wọn ni dókítà ṣàlàyé pé eérú ló dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Mo gbà kí ó nù ún, nọ́ńbà sì yọ dáadáa lójú ẹ̀rọ náà; mo sì ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n.

Màmá ti gbádùn báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ojúlé ní àdúgbò wa, Tukur-Tukur, ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n pé orí mi ṣófo. Bí mo bá dá ìmọ̀ràn nínú ìpàdé ẹbí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n lọ sọ ìyókù ìtàn náà fún wọn?